Ẹ̀dọ̀ Kì í Gba Ààwẹ̀

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tó ń ti Santasi lọ sí Adum, ni mo ti gbọ́ bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfun yín wò nílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ìfun ló pa ẹ̀gbọ́n yín."

"Mo ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì. Wọ́n ní ọ̀rá ló ń fà á; ọ̀rá wo ló kù lára mi?"

"Ẹ̀dọ̀ yín kì í gba ààwẹ̀. Bí ẹ ò tiẹ̀ jẹun, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ọ̀rá, ó ń fi ọ̀rá náà ṣe òróòro sínú ìfun. Tí òróòro yẹn bá pọ̀ jù, wọ́n ní ó lè ba ìfun jẹ́ díẹ̀díẹ̀."

"Bí mo ṣe ń sùn náà?"

"Bí ẹ ṣe ń sùn náà."

"Subuhanallahi."

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá náà rọra gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà.

"Yoo, mo ti gbọ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ká wá?"