Nọ́ọ̀sì Kò Tíì Pè

Ìròyìn tó yẹ kó bá mi lánàá, òní ló dé: wọ́n ti sin Ìdíátù, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìsarà. Wọ́n ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á, èmi Hàmdálátù ni mo ṣílẹ̀kùn fún ikú. N kò lè gbé e mì mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ellen Mákánjúọlá ti kìlọ̀ fún wa. Lẹ́yìn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n tún padà sí yunifásítì lọ kọ́ nípa àìsàn tó ń bá ìran rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bá àwọn obìnrin Ìsarà sọ̀rọ̀, Ìdíátù sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá wa, òun náà ló pa àbúrò ìyá wa. Nọ́ọ̀sì ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa ọmọ. Àwọn yóò ṣètò àyẹ̀wò, bí ó bá sì wà níbẹ̀, a ó máa ṣọ́ ọmú wa kí ó má baà bá wa lójijì. Fóònù Ìdíátù ti bàjẹ́, nọ́ńbà tèmi ló fún wọn.

Alájì Yúnúsà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó tọ́ wa dàgbà ní Ìjọkù, gbọ́, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé tí àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nígbà tí àwọn ará ilé Tawfiq, àfẹ́sọ́nà mi, ṣì ń wádìí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì bá pè, kí n má jẹ́ kí wọ́n rí wa. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà oníṣòwò obì yìí kan náà, bí wọ́n bá rí obì kan ṣoṣo tí kòkòrò ti jẹ, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò dà sílẹ̀, tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Obì ni a ń yẹ̀ wò nílé wa. Ọmọ ènìyàn ni a ń bò mọ́lẹ̀ kí ó jẹrà. Èmi ńkọ́? Ìgbéyàwó ni mo ń lá lálàá. Mo gbà.

Nọ́ọ̀sì pè. Mo purọ́ fún wọn pé Ìdíátù ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi?" Mo pa fóònù.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìdíátù wá kí wa, ó jókòó tì mí nídìí obì, ó ní kókó kékeré kan ti yọ ní ọmú òun.

"Hàmdá, nọ́ọ̀sì yẹn kò tíì pè?"

"Wọn kò tíì pè, àǹtí mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bóyá ẹ̀jẹ̀ àwa oníṣòwò obì ti korò jù fún wọn."

Ó ní òun yóò dúró dè wọ́n, wọn kò jọ ẹni tó ń yẹ àdéhùn. Ó sì dúró. Ó dúró títí kókó náà fi di egbò.

Lónìí, Alájì ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé kí a má dárúkọ àrùn náà fún àwọn tó bá wá kí wa. Ẹ yé purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ẹnu tèmi ni. Alájì náà sì bí ọmọbìnrin! Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí ilé yín bá ní kí ẹ má dárúkọ ohun tó pa ìyá yín, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Tawfiq wá kí mi nírọ̀lẹ́, iwájú Alájì ni mo ti dá a lóhùn:

"Tawfiq, jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá mi, àbúrò wọn, àti Ìdíátù. Nọ́ọ̀sì pè, èmi ni mo sọ fún Ìdíátù pé wọn kò pè. Lọ́la, mò ń lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mi, mo sì ń mú àwọn ọmọ Alájì dání. Bí o bá ṣì fẹ́ mi, bí mo ṣe rí nìyẹn."