Iṣẹ́ Tí Mo Yí Padà Lẹ́sẹ̀ Pẹpẹ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà aago mẹ́ta ọ̀sán, ni oorun gbé mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí lórí pẹpẹ yìí gan-an. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi ni. Omi nìkan ni mo ń mu. Ẹ sì mọ ohun tí mo ń gbààwẹ̀ lé lórí, nítorí ẹ̀yin náà lẹ rán mi. Ẹ ní kí n bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run bóyá kí a lé Ìyá Rótìmí kúrò nínú ìjọ.

N kò ní purọ́ fún yín lónìí, irọ́ tí mo ti pa ti tó. N kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti dá ẹjọ́ náà tán kí n tó kúnlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ léraléra ni pé, "Olúwa, fi ibi tí àwọn obìnrin oníwàásù wà nínú iná hàn mí, kí n lè wá júwe rẹ̀ fún wọn." Inú ń bí mi débi pé mo ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Obìnrin! Obìnrin tó ṣí ọgbà pẹpẹ wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, tó dúró níbi tí bàbá mi ti wàásù, tó ní, "Ohun tí mo rí kọ́ ni wọ́n sọ fún yín." Èmi ni mo fà á sọ̀kalẹ̀ lápá. Gbogbo yín rí mi. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Mo rí àlejò láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Nínú ìjọ yìí, obìnrin a máa ríran, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ sétí ìjọ. Yóò wá kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọgbà onígi tó yí pẹpẹ ká yìí, yóò sọ ọ́ sí mi létí, èmi yóò sì kọjú sí ìjọ, n ó gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Bàbá Agbẹnusọ. Àwọn obìnrin náà ló ń fọ aṣọ pẹpẹ, àwọn ló ń fi sítáàṣì sí i kó lè le, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ti ń nà án sí wa. Ìyá Rótìmí aránṣọ ló rán sùtánà tó wà lọ́rùn mi yìí. Ó wọn àyà mi, ó wọn apá mi, ṣùgbọ́n ibi tí mo ń wọ̀ ọ́ lọ kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí oorun ti gbé mi, mo bá ara mi lójú ọ̀nà pupa kan tí kò ní igi, tí kò ní ilé. Obìnrin arúgbó kan dúró dè mí níbẹ̀. Ó ró ìró mọ́ àyà, kò wọ bàtà. Ó ní, "Sámúẹ́lì, ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí lórúkọ báyẹn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, "Ìyá, ṣé kò sí ọkùnrin níbí ni?"

Ó ní, "Wọ́n wà. Èmi ni wọ́n rán."

Mo tẹ̀ lé e, mo ń kùn nínú. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kíkùn sì tán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ará, iná tí ẹ fi ń sun iṣu nílé kì í ṣe iná. Èyí tí mo rí kì í jó igi, ènìyàn ló ń jó, ènìyàn náà kì í sì í tán. Àwọn òpùrọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń jẹ ahọ́n ara wọn, bí wọ́n bá ti gbé e mì tán ni òmíràn á tún hù. Àwọn panṣágà gbé ẹní lérí, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí kí wọ́n lè sinmi, gbogbo ilẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yinná. Àwọn aninilára wà níwájú ilẹ̀kùn kan, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé kò sì dá wọn lóhùn. Mo dá ojú méjì mọ̀ níbẹ̀. Ẹ má bi mí.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi ń dùn díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé a ti ń súnmọ́ àwọn tí mo ń wá. Mo ní, "Ìyá, àwọn obìnrin oníwàásù ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ sí ọ̀ọ́kán. "Mẹ́ta jókòó lọ́hùn-ún yẹn."

"Mẹ́ta péré?"

"Wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run pa irọ́ fún àwọn tó gbà wọ́n gbọ́. Irọ́ ló gbé wọn wá, kì í ṣe obìnrin tí wọ́n jẹ́. Wo àfonífojì tó wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ọkùnrin tó pa irú irọ́ kan náà ló kún ibẹ̀, kò sì gbà wọ́n mọ́." Ó wò mí. "Ibi tí ó yẹ kí o rí kọ́ nìyẹn. Wá."

Ó mú mi dé iwájú ilé kan, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀ láti wọlé, nítorí mo mọ ilé náà. Ìjọ wa ni. Fèrèsé wa ni, àgọ́ akọrin wa ni, ọgbà onígi wa ni. Àwọn alàgbà kún orí pẹpẹ nínú sùtánà funfun, wọ́n ń gun ibi ìwàásù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kan bá sì ti la ẹnu, ohùn rẹ̀ kọ́ ló ń jáde, ohùn obìnrin ni, igbe obìnrin, ohùn ìyá, ohùn ìyàwó, ohùn ọmọdébìnrin, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu, ohùn ń gba imú jáde, ó ń fi aṣọ dí imú, ohùn ń gba etí jáde, iná sì ń bá ohùn náà jáde, ó ń jó ètè, ó ń jó irùngbọ̀n, èyí tó wà lẹ́yìn sì ń tì í pé kó kúrò, ó ti kan òun, nítorí òun náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra mọ́. Mo fẹ́ sá. Ibi tí mo yíjú sí ni mo ti rí àga méjì tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí wọn. Wọ́n ti gbọn eruku wọn nù. Orúkọ mi wà lára ọ̀kan. Orúkọ Alàgbà Jòsáyà, tó máa ń jókòó lọ́tùn-ún mi, wà lára èkejì.

Jòsáyà, ọ̀rẹ́ mi, jókòó. Má dìde. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Arúgbó náà bi mí pé, "Kí ni Ìyá Rótìmí sọ sí ọ létí lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn ọgbà?"

Mo ní n kò rántí. Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan gbóná nínú ọ̀fun mi, mo sì rántí kíá.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Rótìmí kúnlẹ̀ síbí yìí, ó ń gbọ̀n, ó ní, "Bàbá, Olúwa ní ẹnì kan lára àwọn tó ń gun pẹpẹ yìí ń fi ìgbátí àti ìgbànú ba ara ìyàwó rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí ìjọ dìde lónìí, kí wọ́n lọ mú obìnrin náà kúrò nílé yẹn, kí ó tó di òkú." Kò dárúkọ. Kò nílò kí ó dárúkọ. Mo ti rí ojú Àdùkẹ́ tó wú láàárín àwọn akọrin. Mo sì mọ ọkọ rẹ̀, nítorí ọ̀tún mi ló ń jókòó láti ìgbà tí a ti wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Mo dìde, mo kọjú sí yín. Mo ní, "Báyìí ni Olúwa wí: kí àwọn ìyàwó inú ìjọ máa gbọ́rọ̀ sí ọkọ wọn lẹ́nu, kí àlàáfíà lè jọba nínú ilé." Gbogbo yín sì ṣe àmín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní Àdùkẹ́ yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga. Èmi ni mo wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo yìn ín pé kò gbé ohùn sókè sí ọkọ rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni Ìyá Rótìmí ṣí ọgbà pẹpẹ wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wí àwíjàre fún arúgbó náà. Mo ní, "Ìyá, àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí ìjọ tú ni."

Ojú rẹ̀ korò. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé iṣẹ́ ẹrú ni? Ọlọ́run ló rán an. Nítorí pé ẹnu obìnrin ló gbà wá ni ìwọ ṣe pè é ní iṣẹ́ ẹrú."



Ó fà mí jáde kúrò níbẹ̀, a sì gun òkè kan títí atẹ́gùn fi tutù. Mo rí ibi ìsinmi. Mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀. Mo rí àwọn ìyá tí a sin láti inú ìjọ yìí, wọ́n jókòó sórí ìjókòó tí n kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, àwọn angẹli sì ń fetí sí wọn. Mo rí bàbá mi níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń tẹ́tí sí obìnrin kan tó ń wàásù, ó ń mi orí bíi ti ìgbà tó wà láyé. Mo pè é. Ohùn mi kò jáde. Ọgbà onígi ló wà láàárín wa, èmi ni mo sì wà lẹ́yìn ọgbà.

Arúgbó náà ní, "Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ọgbà kì í dá sọ̀rọ̀ níbí. Ẹlòmíràn ní ń gbẹnu sọ fún un. Ṣebí o mọ̀ ọ́n? Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán sí mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sún etí mọ́ ẹnu mi. Mo gbójú sókè. Àdùkẹ́ ni. Ojú rẹ̀ kò wú mọ́.

Ẹ̀rù bà mí ju ti inú iná lọ. Mo sọ fún un pé kó sọ fún Olúwa pé mo ti sìn Ín láti kékeré, pé mo ń gbààwẹ̀, pé n kò fẹ́ ìyàwó méjì. Ó dúró. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó tán?"

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Kò tán. Olúwa rán mi pé kí ìjọ wá gbà ọ́ sílẹ̀, èmi ni mo yí i padà."

Ó yọ etí kúrò lẹ́nu mi, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ yẹn, mo ti di ẹrù mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Lẹ́yìn ìsìn ni mo fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín pé Ọlọ́run ní kí n gbọ́rọ̀ sí ọkọ mi lẹ́nu, mo délé, mo tú u."

Ẹ̀yin ará, kò sí iná tó jó mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Àdùkẹ́ ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi fi ọgbọ́n sọ ọ́." Ojú kò tì mí láti bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Bí ẹ ṣe rán mi ni n ó ṣe jẹ́ ẹ."

Ó dìde, ó kọjú sí ìtẹ́. Ó sọ ọ́. Kò dín in, kò fi kún un. Ó sọ ti ààwẹ̀ mi, ó sọ ti ìsìn mi láti kékeré, ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó sì tún sọ pé mo sunkún, èyí tí n kò rán an. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Ohùn kan sì wí fún mi pé, "Sámúẹ́lì, ṣé bí o ti rán an ló jẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa."

"Iṣẹ́ mi kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò tíì jẹ́. Padà lọ dá a padà fún ẹni tí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àga rẹ ṣì wà níbi tí o ti rí i."

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Sùtánà mi tutù fún òógùn.

Ẹ béèrè pé kí a lé obìnrin náà tàbí kí a má lé e. Èsì mi nìyí. Mo ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà, ẹ wò mí, ibi tí àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ sí ni mo wà láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. N kò ní í gbẹnu sọ fún obìnrin kankan mọ́ láyé mi. Ìyá Rótìmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọgbà ti ṣí. Ẹ gòkè lọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì dárúkọ bí ó bá yẹ kí ẹ dárúkọ. Ẹ̀yin alàgbà, ẹni tó bá fẹ́ fà á sọ̀kalẹ̀ kó dìde. Mo mọ ilé tí àga rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi sí. Mo ti tàn yín lórí pẹpẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ sì ń ṣe àmín. Bí ẹnì kan bá wà láàárín yín lónìí tó ti di ẹrù rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má tú u.