Ìgò Àgbo Bàbá Fọlákẹ́

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún un yìn, ẹ̀yin ará, torí ẹnu tó yẹ kó ti dákẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ mọ Sámúẹ́lì ọkọ mi, Bàbá Fọlákẹ́, tó ń pẹja l'Ébùúté. Ọdún kan gbáko ló fi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Gbogbo wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá Síkírá aláàgbo ní kó yéé jẹ ohun dídùn, ó fún un ní àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Nígbà tá a fi dé ọsípítù, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. A sin Sámúẹ́lì. Ìgò àgbo rẹ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò lè dà á nù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e síbẹ̀.

Kò tíì pọ́dún kan tí èmi náà rí ẹ̀jẹ̀. Mo dákẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ìdí ni ìyá àgbà ń bá ọmọ sọ? Ìgò ọkọ mi ni mo nawọ́ sí, ife kan láràárọ̀.

Ọlọ́run ò sùn! Fọlákẹ́ ọmọ wa dé láti Ẹ̀pẹ́, ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí i pé àgbo inú ìgò ti dínkù.

"Màmá, ta ló ń mu àgbo Dádì?"

"Bóyá eku ni."

"Eku tó mọ bí wọ́n ṣe ń dé ìgò?" Ó rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe bú sẹ́kún. "Dádì mu ún, a sin wọ́n. Màmá, ẹ wọṣọ!"

Nígbà tá a dé ọsípítù, mo sọ fún Dókítà Adéníran pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mi ò tiẹ̀ fi ṣúgà sí tíì mọ́.

Ó ní, "Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣúgà sílẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ náà ń ṣẹ̀jẹ̀. Àfi ká wo inú."

Wọ́n fún mi lóògùn tó fọ inú mi mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba ìdí wọ inú ìfun mi. Wọ́n bá kókó kan, wọ́n bù díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ya fọ́tò inú mi, dókítà ní, "Kò tíì dé ẹ̀dọ̀. Màmá, ẹ tètè dé."

Ẹ tètè dé! Sámúẹ́lì ò gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n so ìfun tó kù pọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fa oògùn sí mi lára fún oṣù mélòó kan. Mo bì, ó rẹ̀ mí, mo là á já. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò, wọn ò tíì rí nǹkan kan. Ṣé kí n má dúpẹ́?

Olúwa, mo dúpẹ́. Fọlákẹ́, mo dúpẹ́. Ó da àgbo náà nù, ó fọ ìgò, ó gbé e padà síbi tí bàbá rẹ̀ fi sí.

Ìwọ tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tó o ń tijú, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìẹ. Sọ fọ́mọ ẹ lónìí. Jẹ́ kí wọ́n wo inú. Halelúyà!