Òfin Kọ́ Ló Dè Mí Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣẹ́ mi lépè kí ẹ tó kà á tán. Iṣẹ́ panápaná ni mo ń ṣe ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tó ti pẹ́. Mo rò pé màá gbé e dé sàréè ni, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ ní mọ́sáláṣí ní Jímọ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Àsìkò ọyẹ́ ni, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n pè wá pé èéfín ń yọ nílé Bàbá Sàdíà, oníṣòwò kajú. Bàbá ti lọ ọjà Ìwéré-Ilé. Ìyàwó rẹ̀, ẹlẹ́hàá, nìkan ló wà nílé, ó sì ti ilẹ̀kùn látinú. A pè é títí, kò dáhùn. Mo gbé àáké sókè.

Làwọn aládùúgbò bá pariwo. "Ọ̀gá, ilé ẹlẹ́hàá nìyẹn o! Ọkùnrin kì í wọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí baálé ilé dé."

Mo sọ àáké kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ìlú ni mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa nàka sí mi. Omi la ń dà sórí páànù títí Bàbá fi dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi èjìká já ilẹ̀kùn. Èéfín ti pa ìyàwó rẹ̀.

Ó bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Mo ní, "Bàbá, òfin ò gbà wá láyè, àfi tí onílé bá yọ̀ǹda."

Irọ́ ni. Wọ́n ti kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu iná, a lè já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè. Ṣùgbọ́n Bàbá gbà mí gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun lòun pa á, òun tí òun ò fi àṣẹ sílẹ̀ kí òun tó lọ.

Ẹyin lohùn, èmi sì ti jẹ́ kí tèmi balẹ̀. Ní Jímọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí a kírun tán, Bàbá dìde. Ó ń kìlọ̀ fún jámáà pé kí wọ́n máa fi àṣẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kí wọ́n tó rìnrìn àjò, torí òfin kò jẹ́ kí panápaná wọlé onílé. Ó wá nawọ́ sí mi, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òfin tún dè mí lọ́wọ́ mọ́.

Mo ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì lè kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí irọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni kí n fi sọ fún Bàbá pé òfin kọ́ ló dè mí lọ́wọ́, ẹ̀rù ni?