Mo Yí Èsì Bàbá Mi Padà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ìbéèrè kan tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́sẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wa ní Kíṣí. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè fèsì. Mo pa iṣẹ́ aṣọ òkè mi tì ní Ìsẹ́yìn, mo wá ń tọ́jú wọn.

Àwọn olùwádìí kan gbé ẹ̀rọ wá dán wò lára Bàbá. Fìlà oníwáyà ni, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Tí Bàbá bá ro "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́kàn, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Tó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́", pupa ni. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà tó máa ń gbọ̀n bí ọkàn wọn bá dàrú. Èmi ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, ti sá kúrò lóko lọ sí Kánò, ó sì fẹ́yàwó níbẹ̀ láìsọ fún Bàbá. Bàbá ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé àwọn mọ́. Nígbà tó gbọ́ nípa àìsàn náà, ó wá, ṣùgbọ́n ó dúró síta.

Ó ní, "Àbúrò mi, bá mi bi Bàbá bóyá kí n wọlé."

Mo bi wọ́n. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹsẹ̀. Kò yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Owú jẹ mí. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, wọn ò yára dá mi lóhùn báyẹn rí. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú, wọ́n ní rárá."

Bàbá gbọ́ mi. Ìlà yẹn ń gbọ̀n ṣáá. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Omi ń bọ́ lójú wọn. Mo nù ún, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ.

Mo rò pé n ó tún un ṣe tó bá yá. Bàbá kú kí oṣù yẹn tó parí. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn èrò ni Ràṣídì dúró sí. Kò bu erùpẹ̀ sí sàréè.

Lọ́sẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Mo ní kó fi orúkọ Bàbá sọ ọ́. Ó ní lórí fóònù, "Ẹni tí kò fẹ́ rí mi sójú? Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n bínú sí mi títí wọ́n fi kú ni?"

Mo ní n kò gbọ́ ọ dáadáa, mo pa fóònù.

Tí mo bá sọ òótọ́, mo lè pàdánù ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní. Tí n kò bá sọ ọ́, yóò máa rò pé bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pè é ni, àbí kí n wọkọ̀ lọ kúnlẹ̀ fún un ní Kánò? Bàbá tó sì mọ̀ pé mo parọ́ mọ́ àwọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀ wọ́n?