Irọ́ Tí Mo Kọ Nípa Ẹni Tó Tẹ Ìlú Ọkọ Mi Dó

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ṣe ohun burúkú kan. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ mi tán ná.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ọkọ mi ló mú mi wá sí ìlú kékeré kan lọ́nà Ṣakí. Agboolé Ọdẹ ni wọ́n ń pe ilé wọn. Nígbà tí mo dé, bàbá ọkọ mi ò fẹ́ràn mi. Wọ́n ní ìyàwó tó kàwé kò lè gbé oko. Mo wá ń wá bí màá ṣe rí ojúrere wọn.

Ìwé ìmọ̀ ńlá kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Mo rí ìlú wa níbẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n kọ nípa rẹ̀. Mo bi Bàbá léèrè ẹni tó tẹ ìlú dó. Wọ́n ní, “Àwa àti Agboolé Alágbẹ̀dẹ la jọ dé. Kò sẹ́ni tó ṣíwájú ẹnì kan.”

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Agboolé Ọdẹ nìkan ló tẹ ìlú dó, pé àwọn ló fún àwọn Alágbẹ̀dẹ nílẹ̀. Mo wá kà á fún Bàbá. Mi ò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àṣé bó ṣe rí nìyẹn?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ààyò wọn.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bí ìwé ìròyìn kan ṣe kọ nípa ìlú wa, tó sì da ọ̀rọ̀ mi kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kò pẹ́, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí fi ìwé ìròyìn náà ṣe ẹ̀rí sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé ìmọ̀ ọ̀hún. Irọ́ mi wá ní ẹlẹ́rìí.

Lọ́dún yìí, ìjà ilẹ̀ ẹ̀bá odò bẹ̀rẹ̀ láàrin agboolé méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ń na fóònù tí ọ̀rọ̀ mi wà lórí ẹ̀ síta, wọ́n ní àwọn ló nilẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ebè Ìyá Sàídì, ìyàwó Agboolé Alágbẹ̀dẹ. Ìyá Sàídì yìí ló gbẹ̀bí àkọ́bí mi nígbà tí òjò dí wa lọ́nà ilé ìwòsàn. Mo bá Ìyá Sàídì níbi tí wọ́n jókòó sí láàrin iṣu tó fọ́. Wọ́n ní, “Ìyá Àánú, ta ló kọ irú nǹkan yìí nípa wa?”

Mo yí padà, mo gba ilé lọ.

Mo sáré lọ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà. Ẹnì kan lára àwọn tó ń bójú tó ìwé ìmọ̀ náà kọ̀wé sí mi pé kí n má ba nǹkan jẹ́, pé ìwé ìròyìn ti jẹ́rìí sí i. Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Ó ní ẹ̀rí mi dà?

Wọ́n ti ṣá àbúrò ọkọ mi lápá. Àwọn ọ̀dọ́ ilé méjèèjì ń pọ́n àdá. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi, wọ́n á gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀mí á lọ sí i.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá wá bá mi nídìí iná. Wọ́n ní Kábíyèsí ti pe agboolé méjèèjì sáàfin lórí ìjà náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. “Ìyàwó wa, ìwọ lo mọ̀wé. Ìwọ lo máa ka ohun tó wà nínú ìwé ìmọ̀ yẹn sétí Kábíyèsí.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà kan pé ẹ jọ dé ni.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Èmi? Arúgbó ni mí. Ìwé mọ̀ ọ́n jù mí lọ.”

Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, nígbà tí wọ́n bá ní kí n dìde, kí ni kí n kà?