Ìran Èké Tí Mo Rí sí Kọ̀ǹpútà Ìjọ Wa

Irọ́ tí mo pa ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ ló lé Arákùnrin Délé kúrò nínú ìjọ wa, kò sì sí ẹnì kan tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ǹ bá ṣì máa gbé e mì, àmọ́ lóṣù tó ń bọ̀ wọ́n fẹ́ ta òróró sí mi lórí, kí n di aríran àgbà. Ìran irọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń tọ́ka sí pé Ọlọ́run ń lò mí. Ìyá Délé, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń rán sùtánà tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń fi tépù wọn èjìká mi, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Aríran, ọmọ mi, ṣé o tiẹ̀ ti tún rí nǹkan kan nípa Délé?"

Mo ní mi ò tíì rí i. N kò lè sùn dáadáa láti ìgbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìfàkò-Ìjàyè ni ìjọ wa wà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe láílọ́ọ̀nù ní Ìkẹjà ló kó kọ̀ǹpútà ògbólógbòó mẹ́jọ fún wa. Windows tó wà lórí wọn ti sọ wọ́n di ìgbín. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó lọ wẹ̀, ẹ ó padà dé, kò tíì ṣí. Délé ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. Ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi Linux sí i. Iṣẹ́ kan náà ni Linux àti Windows ń ṣe, àwọn ló ń darí ẹ̀rọ, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni Linux, kì í sì í ni ẹ̀rọ àgbà lára. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jí. Àwọn ọmọ ìjọ ń kọ́ títẹ̀wé níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọmọ Mùsùlùmí àdúgbò náà sì ń wá. Gbogbo wa yìn ín. Èmi náà yìn ín.

Géèmù ló dà wá rú.

Èmi ni ààrẹ ọ̀dọ́ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kejì wa ní Agége dá ìdíje bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa gbá a láti gbọ̀ngàn tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo ọkùnrin ìjọ wa lọ. Délé jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí géèmù náà fi ṣí lórí Linux. A pariwo ayọ̀. Bí a ṣe wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ó lé wa síta. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú géèmù náà tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Bí ẹ̀ṣọ́ yìí bá ti rí i pé kì í ṣe Windows ni, olè ló máa pè yín. Délé kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Wọ́n dáhùn pé àwọn tó ń lo Linux kò pọ̀ tó ohun tí àwọn ń yọ ara àwọn lẹ́nu sí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí Agége lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn níbẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù: "Ẹ̀yin ará Ìfàkò, ṣé orin ìjọ nìkan ni kọ̀ǹpútà yín mọ̀ ọ́n ṣí ni? Ẹ kú sùúrù o!"

Mo lọ bá Délé. Mo ní kó wá Windows jíjí kó sí i, ṣebí ó wà káàkiri. Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ènìyàn.

"Ààrẹ, ẹ fẹ́ kí n kó ẹrù olè wọ ilé Ọlọ́run nítorí bọ́ọ̀lù? Bọ́ọ̀lù tí kò tiẹ̀ ní afẹ́fẹ́ nínú!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ ìyẹn láti fi gba ara mi sílẹ̀.

Ní ìsìn Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbọ̀n. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbọ̀n ni, bí ẹni tí Ẹ̀mí gùn. Mo ní mo rí ẹyẹ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ó ní apá àmọ́ kò lè fò, ó jókòó síbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Akọ̀wé ìran kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán tí Délé gbé sójú kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni mo ń ṣàpèjúwe, àmì Linux ni. Àwọn àgbà kì í wọ yàrá náà, wọn ò rí i rí.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Alàgbà ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ẹyẹ mẹ́jọ yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyá Ìjọ di ẹnu ọ̀nà mú.

"Bàbá, àmì lásán ni," Délé ní, "bí wọ́n ṣe ń ya màlúù sára agolo mílíìkì."

Bàbá Alàgbà jágbe mọ́ ọn: "Ṣé agolo mílíìkì ló wà nínú ìran? Ìwọ lo mú ẹyẹ wọlé, o tún ń ṣàlàyé fún Ẹ̀mí!"

Délé yíjú sí mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi rí pé ẹyẹ ilẹ̀ yìnyín ni. Àwọn àgbà nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, òun nìkan ló sì mọ̀ pé mo mọ̀. Kò sọ ọ́. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa jókòó lẹ́yìn, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ẹyẹ náà lè fi í sílẹ̀. Kò gbà á. Ó fi ìjọ sílẹ̀, ó fi Èkó náà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gba ààwẹ̀ náà fún un, lọ́dọọdún. Ó sọ fún mi pé bí òun bá pè é, yóò bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà báyìí, yóò gé fóònù náà. Ó gbà gbọ́ pé ẹyẹ ló ń gé e.

Wọ́n wá ẹni tó fi Windows jíjí sórí àwọn ẹ̀rọ náà. Ó wúwo jù fún wọn. Àwọn ẹ̀rọ náà kú tán láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ kò sì kọ́ nǹkan kan mọ́. Láptọ́ọ̀pù ẹnì kan ni mo padà fi gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Èmi ni mo jẹ̀bi jù. Mo ti sọ ọ́. Àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní dá ẹ̀bi ẹlẹ́bi gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géèmù, ẹ ní èrò kò sí lórí Linux, ìdí nìyẹn tí ẹ fi tìlẹ̀kùn. Àwọn èrò ní kò sí géèmù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lọ. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, ṣé ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ọrẹ ni, àbí ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta láptọ́ọ̀pù, mẹ́ta ni mo ti rà láyé mi, ẹnì kan ò bi mí rí bóyá Windows tàbí Linux ni mo fẹ́ nínú rẹ̀. Àti ẹ̀yin olólùfẹ́ Linux, mo wá béèrè ọ̀rọ̀ géèmù yìí lójú ìwé yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní irú Linux wo ni, ó ka orúkọ bíi mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹnì kejì ní kí n lọ kàwé. Mo kàwé, dìgírì ìṣirò ni mo ní, síbẹ̀ mi ò lóye ohun tí ẹ ń wí. Ṣé báyìí lẹ ṣe fẹ́ kí aráàlú wá bá yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Délé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbí kí n dúró níwájú gbogbo ìjọ kí ó gbọ́ ọ pẹ̀lú wọn? Ọ̀nà wo ni kò ní pa á?

Ẹ̀yin àgbà ìjọ mi, mo mọ̀ pé èyí máa dé etí yín. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni mo sọ, ẹ sì fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí ló dé tí ẹ bi ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní gbogbo ìbéèrè, tí ẹ ò bi ẹni tó fẹ̀sùn kàn án pé níbo ló ti mọ ẹyẹ yẹn? Ẹ dáhùn. Èmi ti dáhùn tèmi.